Ipa Gírámà Nínú Kíkọ́ Èdè: Yorùbá Gẹ́gẹ́ Bí Èdè Àkọ́kúntẹni

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ gírámà kì í pẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbi tí àwọn olùkọ́ èdè bá ti pàdé. Ojú tí apá kan fi ń wò ó ni pé gírámà ni ìpìlẹ̀, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè ya olùwà sọ́tọ̀ kúrò lára àbọ̀, tí kò sì mọ ọ̀rọ̀-ìṣe yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀-orúkọ, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Apá kejì a máa tọ́ka sí ọmọdé. Wọn a ní, ta ni ó kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ní gírámà kí ó tó máa bá ìyá rẹ̀ ṣe àròyé? Bí ọmọ bá lè gbọ́ èdè láìjókòó ní kíláàsì, kí ni àgbàlagbà ń fi òfin gírámà ṣe?

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn inú ìwé lásán. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè, tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 tí wọ́n sì tún un ṣe ní 1981, là á kalẹ̀ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú èdè ńlá mẹ́ta, Hausa, Igbo àti Yorùbá, yàtọ̀ sí èdè abínibí rẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé olùkọ́ Yorùbá lè bá ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Onítshà àti ọmọ Kánò pàdé nínú kíláàsì kan náà. Bí ó bá fi ìwé gírámà kan ṣoṣo kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ Ìbàdàn yóò máa kọ́ ohun tí ó ti mọ̀, àwọn méjì yòókù yóò sì máa há ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ sórí láìlè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń sọ ni pé gírámà kì í fi èdè sí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Etí rẹ̀ ni ó ń là. Ó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọkàn sí ohun tí ó ti ń gbọ́ lójoojúmọ́ tí kò kà sí. Ibi tí etí sì ti dí kì í rí bákan náà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ kan àti èkejì.

Gírámà ti inú orí àti gírámà ti inú ìwé

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pè. Èkíní ni ìmọ̀ tí ó wà lórí ẹni tí ó gbọ́ èdè, èyí tí ó ń jẹ́ kí ó lè dá gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí, kí àwọn tí ó gbọ́ ọ sì lóye rẹ̀. Láti ìgbà tí Noam Chomsky ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1957 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti gbájú mọ́ irú ìmọ̀ yìí gan-an. Èkejì ni àlàyé tí onímọ̀ ṣe nípa ìmọ̀ náà tí ó sì kọ sínú ìwé. Ti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkójọ ọ̀rọ̀ tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 àti ìwé gírámà rẹ̀ ti 1852. Ìwé T. J. Bowen tẹ̀ lé e ní 1858. Ní ọ̀rúndún ogún ni ti Ayọ̀ Bámgbóṣé (1966) àti ti Ọládélé Awóbùlúyì (1978) jáde, kí Bámgbóṣé tó tún fi èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kọ Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá ní 1990. Ó dára kí a rántí pé ọmọ Yorùbá láti Òṣogùn ni Crowther, nígbà tí Bowen jẹ́ míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà tí ó dàgbà kí ó tó kọ́ èdè náà. Ẹnìkan ń ṣàlàyé ohun tí ó wà lórí rẹ̀ látilẹ̀, ẹnìkejì ń ṣàlàyé ohun tí ó fi ojú àti etí wá rí. Irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì tí ó wà ní kíláàsì lónìí nìyẹn.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi hàn bí gírámà méjèèjì ti jìnnà síra tó:

(1) a. Ọmọ lọ.
    b. Òjò rọ̀.
    d. Ọmọ kò lọ.

Bí ọmọ Yorùbá bá ka (1a) jáde, ohùn àárín tí ó wà lórí sílébù ìkẹyìn *ọmọ* yóò gòkè. Nínú (1b), ohùn sílébù ìkẹyìn *òjò* yóò ti ìsàlẹ̀ fà lọ sókè. Nínú (1d), níwájú *kò*, kò sí ohun tí ó yí padà. Àkọtọ́ kì í fi ìgòkè ohùn yìí hàn. Kò sí ìyá tí ó kọ́ ọmọ rẹ̀, kò sì sí ọmọ tí ó ń ṣi í sọ. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ti jiyàn títí lórí ohun tí sílébù olóhùn òkè yìí jẹ́: ṣé àmì àsìkò ni, ṣé ohun tí ó so olùwà mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ni, àbí ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró? Ọmọ ọdún mẹ́ta ń lò ó láìṣìṣe, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn tí ń fi ọmọdé jẹ́rìí pé kò sí ìdí fún gírámà gbàgbé pé gírámà ti inú orí ni ọmọdé ní. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí wọ́n kọ́ ọ ní èyí tí ó wà nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí èdè abínibí rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Ó ń ka (1a) gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ohùn àárín mẹ́ta ní ìtẹ̀léra. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹ́ kù. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè gbé ní Ìbàdàn fún ọdún márùn-ún kí ó má fura. Gbólóhùn méjì péré láti ẹnu olùkọ́, pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí wọ́n tẹ̀ sí i létí, tó láti jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ níbi gbogbo.

Àṣìṣe gẹ́gẹ́ bí amọ̀nà

Ní 1967, S. P. Corder sọ nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó gbajúmọ̀ pé àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ẹ̀rí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin kan lórí tí ó ń tẹ̀ lé, bí òfin náà kò tilẹ̀ jẹ́ ti èdè tí ó ń kọ́. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá fi ojú yìí wo àṣìṣe yóò rí i pé ibi tí ó yẹ kí gírámà ti wọlé ni akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí.

Ohùn ni ó ṣe kókó jù. Ìpele ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Méjì ni ìpìlẹ̀ ohùn nínú Hausa àti Igbo. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ láti inú èdè méjèèjì wọ̀nyí mọ̀ pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà, ohun tí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀, ṣùgbọ́n ohùn àárín ni kò rí ààyè fún. Ó lè gbọ́ *igbá* àti *ìgbà* dáadáa kí *igba* sì dà á láàmú. Gírámà kò lè fún un ní ohùn àárín. Ìdánrawò ni yóò ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí ohùn ti ń tẹ̀ lé òfin gírámà, níbi tí ìdánrawò láìsí àlàyé ti ń fi àkókò ṣòfò:

(2) a. Ó rí mi.
    b. Ó jẹ mí ní gbèsè.
    d. Ó pè mí.

*Mi* kan náà ni. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní ohùn òkè, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ yóò ní ohùn àárín. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní ohùn àárín tàbí ìsàlẹ̀, yóò ní ohùn òkè. Bákan náà ni *rí wa* àti *pè wá*, *rí wọn* àti *pè wọ́n*. *Yín* nìkan ni kì í yí padà: *rí yín*, *pè yín*. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni *mi* àti *mí*, tàbí kí ó rò pé bí ó ti wu olùsọ ni ó ń pè é. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó nílò òfin yìí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gan-an kò mọ̀ pé àwọn ń tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí olùkọ́ mọ gírámà ju èyí tí yóò kọ́ni lọ.

Ìyísódì tún jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ yóò wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa fi kọ̀ ohun gbogbo. Ohun tí Yorùbá ní nìyí:

(3) a. Ó lọ. / Kò lọ.
    b. Ó ń lọ. / Kò lọ.
    d. Ó ti lọ. / Kò tíì lọ.
    e. Ó máa ń lọ. / Kì í lọ.
    ẹ. Yóò lọ. / Kò níí lọ.
    f. Lọ! / Má lọ!
    g. Òun ni ó lọ. / Òun kọ́ ni ó lọ.

Ẹni tí wọ́n kọ́ ní *kò* nìkan yóò sọ pé *Ó kò ń lọ*, *Ó kò ti lọ*, àti *Kò lọ!* nígbà tí ó fẹ́ dá ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn yóò gbọ́ ọ yé lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò sì ṣì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ẹni tí ó sọ pé *Kò lọ* ti ròyìn, kò pàṣẹ. Kíyè sí i pé ìyísódì kan náà ni (3a) àti (3b) ní. Yorùbá sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nù nígbà tí ó bá ń kọ̀ wọ́n. Ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, ó sì tọ́ kí wọ́n sọ fún un kí ó tó máa wá *ń* tí kò sí. Ọmọ Hausa ní àǹfààní kan níhìn-ín tí olùkọ́ tí kò mọ Hausa kò lè lò. Hausa pẹ̀lú a máa yí ìyísódì padà gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti rí: *bai tafi ba* fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀, *ba ya tafiya* fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, *kada* fún ìkìlọ̀. Bí olùkọ́ bá ní, "Bí ẹ ti ń ṣe é nílé yín ni, ọ̀rọ̀ náà ni ó yàtọ̀," ó ti gba idajì iṣẹ́ kúrò lọ́rùn ara rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí ìwé atúmọ̀-èdè kọ pọ̀, ṣùgbọ́n tí gbólóhùn ń là sí méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ rí *bàjẹ́* nínú ìwé, ó sì kọ *Ó bàjẹ́ aṣọ náà*, nígbà tí ọmọ Yorùbá ń sọ pé *Ó ba aṣọ náà jẹ́*. Èyí tí ó tún nira ni pé ìrísí kò ràn án lọ́wọ́. *Gbàgbọ́* àti *gbàgbé* jọ ara wọn bí ìbejì, síbẹ̀ *Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́* ni wọ́n ń wí, kò sì sí ẹni tí ń sọ pé *Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbé*. Níhìn-ín, òfin kò tó. Ohun tí ó wúlò ni kí olùkọ́ sọ pé irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ wà, kí ó sì máa kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú àbọ̀ nínú, *ba … jẹ́*, *tú … ká*, *gba … gbọ́*, láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nípa àsìkò, àṣìṣe àwọn tí ó ti mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni kí wọ́n máa fi *ń* kún ohun gbogbo tí ó jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní àmì kankan lè tọ́ka sí àná (*Mo jẹ ẹ̀bà*) tàbí sí ìsinsìnyí (*Mo mọ orúkọ rẹ̀*), bí ó bá jẹ́ ti ìṣe tàbí ti ipò. Àpẹẹrẹ tí kíláàsì kì í gbàgbé ni *Adé fẹ́ Àdùkẹ́* àti *Adé ń fẹ́ Àdùkẹ́*. Nínú èkejì, àwọn méjèèjì ṣì ń bá ara wọn rìn. Nínú èkíní, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti sanwó orí ìyàwó. Ẹni tí kò mọ ohun tí *ń* ń ṣe lè fi ìdílé méjì sínú ìjàngbọ̀n.

Ibi tí gírámà ti di ìwà

Kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan ni gírámà ń gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ fún bàbá olóko pé *O kú iṣẹ́* kò ṣi gbólóhùn kankan tò. Olùwà wà ní ipò rẹ̀, ohùn sì pé, ṣùgbọ́n ó ti rí bàbá náà fín. *Ẹ* àti *wọ́n* tí ìwé gírámà ń pè ní ọ̀pọ̀ ni Yorùbá àjùmọ̀lò ń lò fún àgbàlagbà kan ṣoṣo: *Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun*. Èdè Igbo kì í lo ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹlẹ́ni-púpọ̀ fún ọ̀wọ̀ báyìí. Nítorí náà ọmọ Igbo tí ó mọ ọ̀wọ̀ dáadáa nílé lè dà bí aláìlẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yọ́, kìkì nítorí pé wọ́n kọ́ ọ ní *o* gẹ́gẹ́ bí ẹyọ àti *ẹ* gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ láìfi kún un. Ọ̀rọ̀ náà tún lọ́ díẹ̀ sí i, nítorí pé ní àwọn ẹ̀ka-èdè kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ lè pe àgbà ní *o* láìsí àrífín nínú rẹ̀. Ìwé gírámà tí ó bá fi tábìlì ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ lélẹ̀ láìsọ ẹni tí ń bá ẹni sọ̀rọ̀ kò tíì ṣàlàyé wọn.

Èrò Krashen àti ti Schmidt

Stephen Krashen ni ẹni tí àwọn tí ń tako gírámà ń fi ṣe agbára jù. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1982, ó ya gbígba èdè mọ́ra láìfura sọ́tọ̀ kúrò lára kíkọ́ ọ pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni, ní ojú rẹ̀, ó ń mú kí ọ̀rọ̀ máa yọ̀ lẹ́nu. Ìmọ̀ òfin kò ju olùṣọ́ lọ, tí ó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó jáde, kò sì lè ṣiṣẹ́ àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní àkókò, tí ó fọkàn sí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, tí ó sì mọ òfin náà. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń dúró ro ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe kí ó tó sọ *mi* tàbí *mí* kò níí parí gbólóhùn kan kí ọlọ́jà tó yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Ṣùgbọ́n Richard Schmidt, ẹni tí ó kọ èdè Potogí ní Bùràsíìlì tí ó sì ń kọ ìrírí rẹ̀ sílẹ̀, fi hàn pé nǹkan mìíràn tún wà. Ohun tí ó rí nínú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ ni pé àwọn ìhun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ni àwọn tí ó ti ṣàkíyèsí nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Gbígbọ́ láìfọkànsí kò tó, kíkọ́ ní kíláàsì nìkan kò sì tó. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1990 sọ àkíyèsí di ohun tí ó ṣe kókó nínú kíkọ́ èdè. Èrò yìí bá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì Yorùbá mu ju ti Krashen lọ. Òfin *mi* àti *mí* kò wúlò fún ẹnu ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Etí ni ó wúlò fún ní gbogbo ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Fún èdè tí ohùn rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ gírámà báyìí, tí àwọn ènìyàn kì í sì í fi àmì ohùn sí ohun tí wọ́n bá kọ sí ara ògiri tàbí sínú ìwé ìròyìn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà mọ ohun tí ó yẹ kí ó fetí sí.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé òfin ni ó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ìwé tí Earl Stevick àti Olaleye Aremu ṣe ní 1963 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Yorùbá fi ìdánrawò lórí ohùn ṣíwájú. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ohùn mẹ́ta kò ní ohun tí yóò fi òfin ohùn ṣe.

Orin láìsí gbólóhùn tuntun

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ó kù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà tí gírámà sì ti lọ, kí ó wo òkè òkun. Nínú ẹ̀sìn Lukumí ní Kúbà àti Candomblé ní Bùràsíìlì, orin, oríkì àti àdúrà tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé lọ ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, tí ọmọ Yorùbá sì lè mọ púpọ̀ nínú wọn bí ó bá fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Sípéènì àti ti Potogí kì í ṣe èdè olóhùn, ohùn àwọn orin náà sì ti yí padà gan-an. Ọ̀pọ̀ tí ń kọ ọ́ kì í fi í dá gbólóhùn tuntun. Oko ẹrú ni ó fa èyí, kì í ṣe àìkọ́ gírámà. Ẹ̀gàn kankan kò sì kan àwọn tí wọ́n pa ohun tí ó pọ̀ tó báyìí mọ́ nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti Ìlà-oòrùn Ayé sílẹ̀ ní Yunifásítì Bahia ní Salvador ní 1959, wọ́n sì ti kọ́ni ní Yorùbá níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ irú ibẹ̀ lè ti mọ ọ̀rọ̀ orin láti kékeré. Ohun tí gírámà ń ṣe fún un ni pé ó ń jẹ́ kí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, pé *nílé* jẹ́ *ní ilé*, pé *lọ́jà* jẹ́ *ní ọjà* tí *n* ti di *l*. Lẹ́yìn náà ni ó tó lè fi *oko* rọ́pò *ọjà*, kí ó sì sọ ohun tí orin kò sọ.

Ọmọ tí ó ń gbọ́ tí kò ń sọ

Kò dìgbà tí ènìyàn bá kọjá òkun kí ó tó rí irú rẹ̀. Ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn ọmọ pọ̀ tí òbí wọn ń fi Yorùbá bá wọn wí, tí wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ìwé kì í ka irú ọmọ yìí sí ẹni tí ń kọ́ èdè àkọ́kúntẹni, bẹ́ẹ̀ ni kò dà bí ọmọ tí ó ń fi Yorùbá jà ní pápá. Ó ti mọ ohùn: *Ọmọ lọ* kò ní dà á láàmú. Ohun tí ó ṣe aláìní ni ẹnu. Kí wọ́n máa sọ fún un pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibìkan tàbí nǹkan kò níí ṣe é ní àǹfààní kan. Àlàyé náà tilẹ̀ jẹ́ èyí tí ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì ń lò, àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá kò sì fẹnu kò lórí iye ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ tí èdè náà ní.

Ìdánwò ni ó máa ń pinnu ohun tí olùkọ́ yóò kọ́ni, nítorí náà ibẹ̀ ni àtúnṣe yóò ti yá jù. Dípò ìbéèrè tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtumọ̀ ìyísódì kí ó sì dárúkọ oríṣi rẹ̀, a lè fún un ní ìtàn kúkúrú nípa ìyá kan tí ó máa ń lọ sọ́jà ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún, tí ó ti ra iṣu, tí ó ń sè é lọ́wọ́, tí yóò sì gbé e fún àlejò. Kí wọ́n wá ní kí ó sọ ìtàn náà fún ìyá tí kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Bí ó bá kọ *kì í lọ*, *kò tíì rà*, *kò sè* àti *kò níí gbé*, tí ó sì pe ìyá náà ní *wọ́n* jálẹ̀ ìtàn, ó mọ ìyísódì, yálà ó rántí orúkọ rẹ̀ tàbí kò rántí.